Ìbéèrè Kẹsàn-án

Tí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin rí ní ìlú wa láàárín ọdún méjìlélógún yẹn, ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ lè má mọ ojú obìnrin náà, àmọ́ ẹ mọ ohùn ẹ̀. Òun ló máa ń sọ pé ọkọ̀ àárọ̀ ti ń wọlé sí ojú irin kẹta, pé ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sún sẹ́yìn kúrò lójú ìlà funfun. "Ohùn" ni gbogbo ibùdókọ̀ ń pè é, títí àwa ará ilé náà fi gbà á lẹ́nu wọn. Tó bá lọ ra ọṣẹ, tó bá ti ní "Èló ni?", àwọn èèyàn á yí orí padà. Ọkùnrin kan tiẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ níwájú ìsọ̀ tòmátì, ó ní òun lòun pẹ́ tí ọkọ̀ fi fi òun sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kó má bínú sí òun.

Ọdún kan àbọ̀ péré ló fi jù mí lọ, nítorí náà n kì í fi "ẹ̀yin" pè é, àfi tí mo bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé n kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ pọ̀ nílé wa. Ẹ̀kọ́ ló bà wá jẹ́.

Tíṣà ni ìyá wa. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú, títí dòní sì ni àdúgbò ń pè wọ́n ní Tíṣà, pẹ̀lú ẹ̀rù díẹ̀ lóhùn. Àwọn géńdé tó ti ń hu ewú á ju sìgá nù tí wọ́n bá rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Alọ́wọ́-òsì ni ọmọ tí wọ́n wá fi ṣe àkọ́bí. Fún ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkọ, kí ọmọ tiẹ̀ máa fi òsì kọ̀wé dà bí ìgbà tí ọmọ télọ̀ ń rìn níhòòhò.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá wa yọ bẹ́líìtì ara aṣọ òjò bàbá wa, wọ́n fi so ọwọ́ òsì ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga tó fi ń jẹun, tó fi ń kàwé. "Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì fa ìdè náà le. Ọdún méjì gbáko. Bàbá wa ń wò, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn tiwọn. Tí òjò bá rọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń tú bẹ́líìtì náà, kí bàbá wa lè rí i dì lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn òjò gan-an nígbà yẹn.

Lọ́dún kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ó tó oṣù mẹ́sàn-án tí ọ̀rọ̀ fi ń há sí i lọ́fun. Ìyá wa ní ìwàǹwára ni, wọ́n ní kó máa mí kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, ó kọ́ bí a ṣe ń mí, ìkólòlò lọ, ọwọ́ ọ̀tún sì mọ ìwé kọ. Mo rò pé ibi tó ti ń kọ́ mímí yẹn ló ti rí ohùn tí gbogbo ìlú wá mọ̀ ọ́n mọ́. Ìyá wa náà rò bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ ni wọ́n sì ń retí. "Ẹ wo ọmọ tí mo tún ṣe," ni wọ́n máa ń sọ fún àlejò, wọ́n á ní kó kọ orúkọ ẹ̀ fún wọn kí wọ́n rí i.

Wọn ò tún un ṣe. Yàrá onígíláàsì kan wà lókè ojú irin kẹrin níbi tí Ohùn ti ń ṣiṣẹ́: àga kan, tábìlì kan, kẹ́tùlù, gbohùngbohùn tó ní bọ́tìnnì pupa, àti ìwé ńlá tó ń kọ àkókò ọkọ̀ sí. Èèyàn máa gun àkàbà irin kó tó débẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá a, n kò kan ilẹ̀kùn. Mo bá a tó ń kọ àkókò sínú ìwé yẹn, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ ọ́, ó ń sáré kọ ọ́, ó ń kọrin sínú. N kò rí i kí ara tù ú bẹ́ẹ̀ nílé rí.

"O ò rí nǹkan kan o," ló sọ fún mi.

"Kí ni mo fẹ́ rí?"

La bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún ló ń sá fún ojú ìyá ẹ̀. Ẹ má tíì fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ ò mọ ìyá wa.

Ó lọ́kọ rí. Ọkọ náà fẹ́ ẹ torí ohùn tó gbọ́ níbùdókọ̀, ó wá rí i pé tó bá délé kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rárá, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà lo ọdún mẹ́ta, ó kó ẹrù ẹ̀, ó lọ. Ohùn padà sílé ìyá wa. Èmi náà wà níbẹ̀, èmi tí n kò tiẹ̀ rí ẹni tó fẹ́ mi torí ohunkóhun. Bàbá wa ti di olóògbé nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni àwa mẹ́ta ṣe ń gbé.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni nǹkan dé. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ibùdókọ̀ kún fọ́fọ́. Ohùn tẹ bọ́tìnnì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ tó ń lọ sí... sí... sí..." Gbogbo sípíkà ló gbé e jáde. Àwọn èrò kọ́kọ́ wo òkè. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ohùn ti mutí yó lówùúrọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sín in jẹ, "sí, sí, sí," wọ́n ń fò sókè fò sódò. Ọkọ̀ ń lọ, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó tó ìṣẹ́jú mẹ́fà ni Fèrè sáré gun àkàbà. Fèrè ni ọkùnrin tó máa ń fọn fèrè kí ọkọ̀ tó gbéra, ó pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ó bá a tó ti ya sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àga, ẹnu ẹ̀ wọ́, ìka òsì ẹ̀ ṣì tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é nílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan kan lápá òsì ọpọlọ ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún fẹ́ kú, àmọ́ ó padà díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ọwọ́ ọ̀tún ò padà. Ọ̀rọ̀ lọ. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ láyé ẹ̀, mẹ́rin ló ṣẹ́ kù: "rárá", "omi", "ó tó", àti "ẹ jọ̀ọ́". Tí a bá bá a bẹ̀rẹ̀ "ení, èjì", ó lè kà á dé ẹ̀wá. Dókítà sọ fún wa kedere pé òye ẹ̀ ò bà jẹ́. Gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń gbọ́, ó sì ń yé e. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde ló dí.

Ọ̀gá ibùdókọ̀ wá kí i. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní òun á di yàrá onígíláàsì yẹn mú fún un fún oṣù mẹ́rin, pé tó bá lè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àyè ẹ̀ ni, kò sí ẹni tó máa gbà á. Tí kò bá lè sọ ọ́, òun náà ní ọ̀gá. Ohùn gbọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ òsì lu itan ẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́."

Oṣù kan àbọ̀ kọjá kó tó kàn wá lọ́dọ̀ dókítà tó ń fi ẹ̀rọ olóòfà tọ́jú ọpọlọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó wẹ̀ mọ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yẹn nígbà ọgọ́rùn-ún tí kò sì tíì sú u. Ó ní nínú ọpọlọ, apá òsì ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí apá òsì bá ṣàìsàn, apá ọ̀tún tára ẹ̀ le á bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ohun tí kò kàn án.

"Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà, ẹ ti rí i rí," ló wí. "Ẹ bi ọmọ kan ní ìbéèrè, kó tó ronú, ọmọ kejì ti dáhùn. Kí lẹ máa ń ṣe?"

"Máa ní kí ọmọ kejì panu mọ́," ìyá wa wí.

"Ohun tí òòfà yìí ń ṣe gan-an nìyẹn. Máa fi kan orí wọn lápá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Apá ọ̀tún á panu mọ́ díẹ̀, apá òsì á ráyè dìde. Kò dun èèyàn. Kò sì dájú pé ó máa ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ti ran àwọn kan lọ́wọ́."

Inú ìyá wa dùn sí dókítà yìí. Ọ̀rọ̀ tíṣà ló bá wọn sọ.

Ó wá mú ìwé kan jáde, ó ní òun ní ìbéèrè mọ́kànlá. Ṣé irin wà nínú orí wọn tàbí létí wọn? Rárá. Ṣé ẹ̀rọ wà nínú ọkàn wọn? Rárá. Ṣé wárápá ti gbé wọn rí? Rárá. Ó ń béèrè láì gbójú sókè, ó ń fa ìlà. Ìyá wa ló ń dáhùn, èmi jókòó sápá kan, Ohùn wà láàárín wa.

"Ìkẹsàn-án. Ọwọ́ wo ni wọ́n ń lò kí àìsàn yìí tó dé? Ọ̀tún àbí òsì?"

"Ọ̀tún," ìyá wa wí.

"Àtikékeré?"

"Ṣé lójú tèmi ni ọmọ á máa lo òsì? Ọ̀tún ni."

Ohùn ní, "Rárá."

Dókítà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Rárá," ẹ̀gbọ́n mi tún wí. Ó na ọwọ́ òsì sókè, ó gbọ̀n ọ́n níwájú wa. "Rárá. Rárá!"

"Ohun tó ń sọ sí gbogbo nǹkan nìyẹn, dókítà," ìyá wa wí. "Láàárọ̀ mo ní ṣé kí n bù ú ní ẹ̀kọ, ó ní rárá, ó sì mu ún tán."

Òótọ́ ni, ó mu ún tán. Dókítà ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ tó bá ṣẹ́ kù máa ń jáde síbi tí kò yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú sí mi. Kò wo ìyá wa, èmi ló wò. Mo mọ ohun tó fẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, mo sì ní gbogbo ọ̀rọ̀ ayé lẹ́nu. Mo wo ojú ìyá wa, mo rí i bí wọ́n ṣe di àpò wọn mú mọ́ àyà, mo wá sọ fún ara mi pé kí ló kan ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu? Dókítà ti bọ́ sí ìkẹwàá. Mo panu mọ́.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e wọ́n dé e ní fìlà rọ́bà funfun kan, dókítà fi bírò sàmì sí i lókè etí ọ̀tún. Òòfà náà rí bíi nọ́ńbà 8 tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó wúwo, ọwọ́ irin kan ló gbé e dúró. Wọ́n di òwú sí i létí. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀: kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹyẹ akókó tó ń sọ igi, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, fún ogún ìṣẹ́jú. Ìpéǹpéjú ọ̀tún ẹ̀ ń ta. Ohun mìíràn ò ṣẹlẹ̀.

Tó bá ti kúrò níbẹ̀, wọ́n á kó àwòrán sí iwájú ẹ̀: ife, kọ́kọ́rọ́, bàtà. Nọ́ọ̀sì ló yẹ kó bá a ṣe é, àmọ́ ìyá wa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Wọ́n mú rúlà wá látilé. "Kí nìyí?" Wọ́n á fi rúlà lu tábìlì. "Kí nìyí? Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n. Kí nìyí?" Ẹni àádọ́ta ọdún, òógùn á bò ó, itọ́ á máa ṣàn lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n á nu itọ́ náà dáadáa, wọ́n á sì tún lu tábìlì. N kò sọ pé ìyá wa ò fẹ́ràn ẹ̀. Ìfẹ́ wọn ló ń pariwo báyẹn.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n fún un ní pẹ́ńsù kó fi tọ ìlà àwòrán. Ọwọ́ òsì ló fi gbà á, òun nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Ó fa ife náà, ó fa kọ́kọ́rọ́, ìlà náà ò gbọ̀n rárá. Ẹnu ya dókítà.

"Ọwọ́ òsì wọn tètè mọ iṣẹ́ o! Àwọn mìíràn máa ń lo ọdún kan."

"Orí ẹ̀ pé," ìyá wa wí. "Àtikékeré."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń na ìka sí ife. Mo dúró kó sọ "omi". Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. Mo ní bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Lọ́jọ́ karùn-ún, a bá a ka ení, èjì. Ó dé ẹ̀rin, ó dúró, ó ń wò wá bí ẹni tí ilẹ̀ ti yọ́ mọ́ lẹ́sẹ̀. Dókítà fi ojú wo ìwé ẹ̀, ó ní nígbà mìíràn ó máa ń lọ sílẹ̀ kó tó gòkè, pé ká ṣì máa wò ó. Lọ́jọ́ kẹfà, "ó tó" lọ. Lọ́jọ́ keje, mo tẹ̀ síwájú ẹ̀, mo ní, "Sọ 'ẹ jọ̀ọ́' fún mi," èmi tí mo ti gbọ́ ọ lórí sípíkà fún ọdún méjìlélógún débi tó fi sú mi. Kò sọ ọ́. "Rárá" nìkan ló kù.

Ó sì lò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà yàrá òòfà, ó ju ọ̀pá nù, ó fi ọwọ́ òsì di férémù ilẹ̀kùn mú. "Rárá," ló ń wí. "Rárá, rárá, rárá." Àwọn èèyàn tó jókòó dúró níta ń wò wá.

"Má dójú tì mí níbí," ìyá wa wí lábẹ́ èémí. "Ta ló fẹ́ padà síbi iṣẹ́? Ṣé èmi ni?" Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìka ẹ̀ kúrò lára férémù, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí ìka ọmọ tó jí súìtì mú. Wọ́n dé ìka kẹrin, èyí àkọ́kọ́ ti padà dì í mú. Wọ́n ní kí n wá ran àwọn lọ́wọ́. Mo lọ. Èmi ni mo di ìka mẹ́ta yẹn mú kí wọ́n má padà.

Dókítà rí i pé ó ń sunkún, ó béèrè bóyá ká dá a dúró lónìí. Ìyá wa ní ẹ̀rù ẹ̀rọ ló ń bà á. Kọ́, kọ́, kọ́, ogún ìṣẹ́jú.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Fèrè wá. Ó wọ yúnifọ́ọ̀mù ẹ̀, fèrè ṣì so mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì gbé ìwé ńlá inú yàrá onígíláàsì dání. Ó ní òun rò pé tí Àǹtí Ohùn bá rí ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ lè bọ́ sí i lẹ́nu. Wọ́n ti dé ẹ̀gbọ́n mi ní fìlà, ó jókòó sórí àga, dókítà ń tún òòfà tò. Fèrè ṣí ìwé náà sórí ẹsẹ̀ ẹ̀.

"Ẹ wò ó, dókítà," ló wí, ó ń ṣàwàdà kí ara lè tu gbogbo wa. "Ẹ wo bó ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa yíǹkì rẹ́. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì ni alọ́wọ́-òsì ibùdókọ̀. Wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Tiwa kọ́ o, òsì ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ọ̀tún ń gbafẹ́ lásán."

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Dókítà ti fi òòfà sílẹ̀. Ó mú ìwé náà, ó ṣí i sẹ́yìn, ọdún kan, ọdún méjì, ọdún márùn-ún. Gbogbo ojú ìwé ló ní àbàwọ́n yíǹkì bákan náà.

"Màmá," ló wí, "ọwọ́ wo ni wọ́n ń lò?"

"Ọ̀tún."

"Ta ló wá kọ èyí?"

"N kò mọ ohun tó ń ṣe níbi iṣẹ́. Nílé mi, ọ̀tún ni."

"Òsì ni," ni mo wí. "Òsì ni wọ́n bí i mọ́. Ìyá wa ló fi bẹ́líìtì so ó." Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó láti sọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbé e mì.

Dókítà pa ẹ̀rọ. Ó jókòó sórí àga tó wà nílẹ̀, ó fi ìwé ìbéèrè yẹn lu orúnkún ẹ̀, kì í ṣe jẹ́jẹ́. Ó ní láàárín àwọn alọ́wọ́-òsì, àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn ń gbé lápá ọ̀tún ọpọlọ, tàbí kó pín sí méjèèjì. Tí òun bá mọ̀ ni, òun ì bá kọ́kọ́ wo inú ọpọlọ ẹ̀ kí òun mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà kí òun tó fọwọ́ kàn án. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé apá ọ̀tún tí mo ń pa lẹ́nu mọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó kù sápamọ́ sí. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn náà fúnra ẹ̀ ló tún lágbára sí i. N kò lè sọ fún yín pé òòfà ló fà á. Ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ ọ́ fún yín. Àmọ́ mo bi yín, Màmá. Mo bi yín."

"Ìbéèrè ọwọ́ lo bi mí," ìyá wa wí. Látìgbà tí a ti ń lọ síbẹ̀, "ẹ" ni wọ́n ń fi bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni "ẹ" náà tán. "O ò bi mí ní ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ká ní o sọ pé nítorí ọpọlọ ni..."

"Ẹ̀yin ì bá sọ òótọ́?"

Ìyá wa ń tún gèlè wọn wé.

Ohùn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà rọ́bà lórí, ìwé ọkọ̀ lórí ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tí a sọ ló gbọ́, ó sì yé e. Ó la ẹnu. Mo rò pé ó máa bú wa, mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú wa, kó ní "rárá" nígbà igba. Ẹ̀mí nìkan ló jáde. Mo rí i lójú ẹ̀ nígbà tó mọ̀ pé ìyẹn náà ti lọ. Fèrè yí ẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí ògiri.

Dókítà ní ká dúró. Ó ní ohun tí òòfà bá pa lẹ́nu mọ́ sábà máa ń jí padà tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta òun á tún yẹ ẹ́ wò, bóyá a lè gba ọ̀nà mìíràn. A dúró. Lójoojúmọ́ ni mo ń bi í bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bóyá ebi ń pa á, mo ń bi í ní ohun tí yóò sọ "rárá" sí. Mo ṣe ọbẹ̀ oníyọ̀ púpọ̀ fún un, mo ní ṣé ó dùn? Ó mi orí. Ìyá wa kò lu tábìlì mọ́. Wọn ò sì sọ̀rọ̀ bẹ́líìtì, wọn ò sọ̀rọ̀ ìbéèrè, wọ́n kàn ń gbálẹ̀ ilé nígbà mẹ́rin lójúmọ́. Èmi náà ò bi wọ́n. Irú ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bi wọ́n?

Oṣù mẹ́rin ọ̀gá ibùdókọ̀ ló kọ́kọ́ pé. Ó wá sílé lọ́sàn-án Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá wa ti wọ Ohùn láṣọ iṣẹ́, wọ́n ti lọ aṣọ náà, wọ́n ti ya irun ẹ̀ láàárín gbọnrangandan. Ọ̀gá náà jókòó sí ṣóńṣó àga. Ó ní kì í ṣe gbólóhùn mọ́. Kó kàn sọ "ẹ jọ̀ọ́" fún òun, òun á lọ bá àwọn ọ̀gá òun jà.

Ẹ̀gbọ́n mi mí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ́mọdé. Ó la ẹnu. Iṣan ọrùn ẹ̀ yọ, ojú ẹ̀ pọ́n, ọwọ́ òsì ẹ̀ di orúnkún ẹ̀ mú. A dúró. Ọ̀gá náà ń wo ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó yọ ìwé kan látinú àpò, ìwé ìfẹ̀yìntì, ó rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi bírò lé e. Ó ní kò sí ìkánjú, pé tó bá ti lè buwọ́ lù ú, ó parí.

Ohùn wo ìwé náà títí. Ó wá na ọwọ́ òsì, ó mú bírò.

"Rárá," ìyá wa wí. "Kì í ṣe lójú àlejò."

Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ òsì ẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú láti orí itan ẹ̀ wá sórí tábìlì, wọ́n fi bírò sáàárín ìka, wọ́n ká àwọn ìka náà mọ́ ọn, wọ́n fi ọwọ́ tiwọn bò ó. Ọ̀gá náà ní, "Màmá, kò pọn dandan," wọn ò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń fa èjìká ẹ̀ sẹ́yìn, àmọ́ apá yẹn kì í ṣe tiẹ̀ mọ́, kò lè bá a fà á. Ọwọ́ méjèèjì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìwé, orúkọ ẹ̀ ń jáde ní lẹ́tà rògbòdò tó dúró ṣánṣán, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sójú pátákó. Ìwé náà ń yẹ̀.

"Di ìwé yẹn mú," ìyá wa sọ fún mi.

Mo tẹ ìka méjì mọ́ ọn, mo dì í mú títí wọ́n fi kọ ọ́ tán.